Láálì Inú Fọ́tò Eyín

Ìgbà kẹrin tí mo ṣí fọ́tò náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, Dókítà Fẹ́mi gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ.

"Mà, kí lẹ ń wá nínú ẹnu ọmọ ọlọ́mọ? Eyín yẹn dáa."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ kó irinṣẹ́ sínú omi gbígbóná, mo padà wá gbé e. Ọkàn mi ò balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ohun tí mo lè nàka sí.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì eléyín ní Ìlọrin. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ká bá òun to eyín gbọ́dọ̀ máa wá lóṣooṣù. A ó lẹ irin kékeré mọ́ ojú eyín kọ̀ọ̀kan, a ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, wáyà náà ni yóò máa fa eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tò. Ìyá àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi ojú nìkan wo eyín. Yóò fi ìka mì ín, yóò gbóòórùn ẹnu, yóò bi ọ́ léèrè oúnjẹ tó o jẹ lánàá. Ìyẹn ni mo bá lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbà pé iṣẹ́ nìyẹn.

Ìgbà tí Dókítà Fẹ́mi gba ilé ìwòsàn wa ní GRA, ó ní ayé ti yí padà. Kí àwọn tó ń gbé ọ̀nà jíjìn máa ya fọ́tò ẹnu wọn lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Bó bá dáa, ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó wá. Mo jà, mo ráhùn, kò gbọ́. Ká má purọ́, ó wúlò. Wáyà ń gún ìyàwó ilé kan lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ya á ránṣẹ́, a ní kó fi ìda díẹ̀ bò ó, ara sì tù ú láìwọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n àlùfáà kan wà tó jẹ́ pé ihò imú rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí wa nígbà mẹ́ta léraléra. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Fọ́tò tí mò ń ṣí yìí, ti Mọ̀nsúrá ni, ọmọ ogún ọdún tó ń kàwé ní yunifásítì Málété. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà ní ọjà Ìpàtà. Ọmọ náà fi ìka ọwọ́ òsì fa ètè sókè, eyín òkè rẹ̀ hàn gbangba, irin ò já, wáyà ò yẹ̀. Kí ló wá ń yọ mí lẹ́nu?

Ìgbà tí mo fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ ni mo rí èékánná ara mi. Láálì tí mo lé fún Iléyá ti ṣá, èékánná sì ti hù, ó ti ti láálì síwájú, ìdí rẹ̀ funfun. Iléyá ti lé ní oṣù kan. Mo sáré mú fóònù. Láálì ọmọ yìí dúdú minimini dé ìdí èékánná. Mo wo fọ́tò tó fi ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, àti ti ìṣáájú rẹ̀. Ọ̀kan náà ni.

"Dókítà, ọjọ́ kan ló ya gbogbo fọ́tò yìí."

"Ó lè jẹ́ pé ó tún láálì lé, mà."

"Ẹ wo ibi tó ti ta sí ẹran ìka yìí. Ṣé ojú kan náà ló ń ta sí lẹ́ẹ̀mẹta? Ọmọ Ìlọrin ni mí, láálì ò lè tàn mí."

Mo pe Mọ̀nsúrá. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, mà. Ó ń lọ dáadáa." Ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo kó irinṣẹ́ sínú báàgì, mo wo àdírẹ́sì rẹ̀ nínú fáìlì, ó di ibùdókọ̀ Málété. Nínú mọ́tò, mo ń jókòó, mo ń dìde, mo ń na ọrùn wo iwájú, títí awakọ̀ fi ní, "Alájà, ẹ fara balẹ̀. Ìjókòó yín kọ́ ló ń wa mọ́tò yìí."

Ẹnu ọ̀nà ilé tó ń gbé ni mo ti bá a, ó fa híjáàbù bo ẹnu. Mo ní kó ṣí i, kó la ẹnu. Sùbúhánálláhì! Irin orí eyín òkè rẹ̀ kan ti já, ẹnu wáyà tẹ̀, ó wọ inú erìgì lọ, ibẹ̀ wú, ó ń ṣọyún. Mo fi ìka kan eyín náà, ó mì. Ẹ̀rù bà mí gidi. Eyín iwájú ni, bó bá bọ́, kò tún sí òmíràn tí yóò hù níbẹ̀.

Ó ní egungun ìhà àgbò tí òun gé jẹ lọ́jọ́ Iléyá ló já irin náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó jẹ ẹran, ó ti ya fọ́tò bí ogún láti wá èyí tó dáa, ìyẹn ló wá ń fi ránṣẹ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ló dé tó ò sọ fún wa?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀rù, mà."

"Èmi?"

"Ìgbà tí mo jẹ kúlíkúlí tí irin kan já, ẹ pariwo lé mi lórí níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ ní ẹ máa pe màmá mi wá láti Ìpàtà. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí Dókítà fi mí sára àwọn tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Fọ́tò kì í pariwo, wàláhì."

N kò rántí ọjọ́ náà rárá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi ti fọ́ tipẹ́, mi ò wolẹ̀ wò ó. Gbogbo ẹjọ́ tí mò ń bá Dókítà Fẹ́mi rò nípa fóònù, àṣé èmi ni mò ń lé aláìsàn lọ sídìí rẹ̀.

Mo gé ẹnu wáyà náà níbẹ̀, mo mú un wá sí Ìlọrin. Dókítà fọ ojú egbò, ó so eyín náà mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun ò lè ṣèlérí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mi ò lè jẹun dáadáa.

Ìgbà tó padà wá, eyín náà ò tíì bọ́, èèyàn mẹ́fà ló sì jókòó síta. Mo dúró láàárín wọn.

"Mọ̀nsúrá, níwájú èèyàn ni mo ti dójú tì ọ́, níwájú èèyàn náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Má bínú sí mi."

Ó kúnlẹ̀ wìì. "Áà, mà, ẹ má bẹ̀ mí!" Nígbà tí a wọlé, ó jókòó sórí àga, ó wo ojú mi, ó tún wo ilẹ̀.

"Mà, mo jẹ gúgúrú lánàá. Ó dà bíi pé irin kan ti mì."

Mo gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi mì, ó korò bíi jogbo.

"O ṣeun tó o sọ," ni mo wí. "La ẹnu, jẹ́ n wò ó."