Ìdí Tí N Kò Fi Jẹ́ Kí Ọmọ Mi Mu Omi Kànga Ilé Ọkọ Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí omi.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló rán mi létí. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àyíká lórí fóònù. Kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ibi tí òjò àdúgbò ń ṣàn gbà! Ó ní ṣé mo mọ̀ pé odò kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀ tirẹ̀ tó ń kó omi wá fún un. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé èmi ni kò ní mọ̀? Ẹ̀kọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ọkọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni, ní Òwu, l'Ábẹ́òkúta. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà náà o! Ẹni tó bá fẹ́ kàwé sí i láì fi iṣẹ́ sílẹ̀, póòsì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ láti Èkó, wàá dáhùn ìbéèrè, wàá fi ránṣẹ́ padà. Ó di nǹkan bí oṣù kan kí èsì tó dé pẹ̀lú bírò pupa. N kò rí olùkọ́ mi yẹn sójú títí dòní.

Ilé ìyá ọkọ mi là ń gbé. Aláró ni Màmá. Òun àti obìnrin méjì mìíràn ló jọ ń fi aró àti sóódà rẹ àdìrẹ lẹ́yìnkùlé. Mùsùlùmí ni Màmá, ìjọ kan náà sì ni èmi àti Ìyá Dúpẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ganíyù ọkọ mi, káfíńtà ni. Ṣàgámù ló ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wálé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Mojísọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí a bí nígbà náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Tí mo bá ti lọ síṣẹ́, ẹ̀yìn Màmá ló ń wà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní kí oníkálukú wá odò tó sún mọ́ ọn jù, kó tọ̀ ọ́ láti ibi tó ti ń sun títí dé ibi tó ti bọ́ sínú odò ńlá, kó sì ya máàpù gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò náà. Wọ́n fi pépà pupa tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ẹnfílọ́ọ̀pù. Lítímọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Tí o bá tì í bọ omi tó mọ́, á ṣì máa pupa. Tí ọṣẹ tàbí sóódà bá wà nínú omi náà, á di búlúù.

Sátidé kan àti ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni mo fi tọ odò kékeré tó gba ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kọjá. Bàbá kan tilẹ̀ dá mi dúró, ó ní ṣé ìjọba ló rán mi wá wọn ilẹ̀ òun. Mo ṣàlàyé títí, bàbá ò gbọ́! Lókè níbi tí odò ti ń sun, pépà mi pupa fòò. Nígbà tó kọjá ibi tí gọ́tà àwọn aláró ti ń wọ inú rẹ̀, pépà di búlúù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn pé máàkì á pọ̀.

Mo délé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn. Pépà ṣì kù lọ́wọ́ mi. Kí ló tún gbé mi dé ìdí kànga? Mo fa omi, mo bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù, mo ti pépà bọ̀ ọ́.

Ó di búlúù!

Mo ní bóyá ọṣẹ ló kù lára kọ́ọ̀pù. Mo fi omi òjò ṣàn án dáadáa, mo tún un ṣe. Búlúù náà ni.

Ìgbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Omi kànga wa máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Bí o fi ṣanra tán, ńṣe ló máa dà bíi pé ọṣẹ ṣì wà lára rẹ. A tilẹ̀ máa ń yìn ín ni! A ní omi wa kì í jẹ ọṣẹ. Mojí ńkọ́? Ó ti tó oṣù méjì tí ẹnu rẹ̀ ti ń bó, tí inú ń run ún. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa á fún wa ní oògùn, àìsàn náà á lọ, á tún padà. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi ló fà á. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ wo ni kò ní rò ó?

Mo gbójú sókè, mo rí ihò tí Màmá ń da omi aró tó ti lò tán sí. Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí kànga. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá síbi tí mo dúró sí. Látàárọ̀ ni mo ti ń ya irú rẹ̀ sórí máàpù.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń sọ ọ́? Báwo ni ìyàwó ilé ṣe máa wo ojú ìyá ọkọ tó fi aró tọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, kó ní omi aró wọn ti wọ inú kànga tí gbogbo ilé ń mu? Tí mo bá kọ̀wé sí olùkọ́ mi, oṣù kan. Ganíyù, ó di Sátidé. Mo bá dá ọgbọ́n tí kì í ṣe ọgbọ́n.

Ìdájí ni mo ń jí lọ pọn omi ẹ̀rọ nítòsí mọ́ṣáláṣí. Mo ń sè é, mo ń rọ ọ́ sínú ìgò fún Mojí. Mo sọ fún Màmá pé nọ́ọ̀sì ló ní omi yẹn nìkan ni kí ọmọ máa mu. Irọ́ ni! Màmá ní ó dáa, ó sì ń fún un bí mo ṣe wí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìgò omi yẹn ni mò ń rò.

Ní Ọjọ́bọ̀, inú tún run Mojí nígbà tí mo wà níṣẹ́. Màmá pọ̀n ọ́n, ó gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn gan-an.

Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí?

Nígbà tí mo dé láti iléèwé, ẹnu ọ̀nà ni Màmá jókòó sí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú fún aró dé ìgbọ̀nwọ́. Ìgò omi Mojí wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kí i.

Ó ní, "Ìyàwó, kí ni mo fi sínú kànga?"

Mo kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi, kò sí èyí tó jáde àfi "Ẹ má bínú, Màmá." Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà! Bí ẹni pé mo ti gbà pé mo fura sí i.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì ní òun kò sọ nǹkan kan nípa omi. Ìwọ lo sọ ọ́. Ó dáa. Sátidé, Ganíyù á wá. Màá ránṣẹ́ sí Bàbá Alábàtà náà. Wàá sọ ọ́ lójú wọn."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ìyàwó máa sá fún omi ilé ọkọ. Kò sí ẹ̀sùn tó burú tó o. Láti ọjọ́ yẹn, Màmá kò pọn Mojí mọ́. Ọmọ á na ọwọ́ sí i, á máa ké "Màmá, Màmá," Màmá á kọjú sí ìkòkò aró. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo gba ìyọ̀ǹda níṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì láti dúró ti ọmọ mi. Mo ń ronú ibi tí màá kó ẹrù mi sí.

Sátidé pé. Bàbá Alábàtà dé lọ́sàn-án, àbúrò bàbá ọkọ mi ni, àgbẹ̀ tó ń gbé lábà kan lọ́nà Alábàtà. Oníṣẹ̀ṣe ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ganíyù ti fajú ro. Màmá jókòó pẹ̀lú àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá ní kí n sọ tẹnu mi.

Mo sọ ọ́. Odò, máàpù, pépà, ihò aró. Ganíyù bú mọ́ mi pé kí ló dé tí n kò sọ fún òun. Ìyá Dúpẹ́ ní ṣé kì í ṣe oògùn ni pépà ọ̀hún. Ẹni tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!

Pépà mẹ́rin péré ló kù. Mo bu omi òjò sínú kọ́ọ̀pù kan, omi kànga sínú ìkejì, omi ihò aró sínú ìkẹta. Kí wọ́n má baà ní mo ń pidán, mo bẹ Màmá pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti pépà bọ omi òjò ná. Mo ní ẹ máa rí i pé kò ní yí padà.

Màmá mú un. Ó tì í bọ̀ ọ́.

Pépà di búlúù.

Yéè! Ìyá Dúpẹ́ pàtẹ́wọ́, ó ní, "Òjò Ọlọ́run náà ti ní sóódà nínú, ẹ gbọ́?" Ganíyù wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo ní ó ti parí fún mi lónìí.

Bàbá Alábàtà ló na ọwọ́. Ó gba pépà náà lọ́wọ́ Màmá, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó ní, "Ẹ wò ó. Ìdí ibi tí ìyàwó wa àgbà dì mú ló di búlúù. Ibi tó kan omi ṣì pupa." Ó yíjú sí Màmá. "Kí lẹ fọwọ́ ṣe lówùúrọ̀ yìí?"

Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun po sóódà.

Bàbá dìde, ó fi omi òjò fọ ọwọ́ tirẹ̀ títí ó fi mọ́. Ó mú pépà kejì, ó tì í bọ omi òjò. Ó pupa. Ẹ̀kẹta, omi kànga. Ó di búlúù. Ẹ̀kẹrin, omi ihò. Ó di búlúù ju ti kànga lọ.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga yẹn. Ó ní àpáta ni wọ́n bá nísàlẹ̀, àpáta náà sì sán, inú ibi tó sán yẹn ni omi ti ń tú jáde, láti ìhà ẹ̀yìnkùlé. "Ìgbà yẹn, kò sí ihò aró níbẹ̀. Ẹ̀yìn ikú ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbẹ́ ẹ."

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ẹni tó ń mu omi náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kọjú sí mi. Kò pariwo rárá.

Ó ní, "Láti ọjọ́ Àìkú lo ti mọ̀. O gba ọmọ rẹ là. Èmi ńkọ́? O ń wò mí, mò ń mu ún."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo ti ro gbogbo nǹkan lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ro ẹ̀sùn, mo ro ìtìjú, mo ro ilé ọkọ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ìyá yẹn ń bu omi mu níṣojú mi láràárọ̀! Ẹkún ni mo sun.

Ọjọ́ yẹn náà ni Ganíyù fi pákó bo kànga. Wọ́n di ihò àtijọ́, wọ́n gbẹ́ òmíràn sísàlẹ̀, jìnnà sí ilé. Gbogbo wa ń pọn omi ẹ̀rọ. Ẹnu Mojí san díẹ̀díẹ̀. Kí n má parọ́, ihò tuntun náà, ọ̀nà odò ló kọjú sí. Mo mọ̀ ọ́n, ó sì ń dùn mí. Nígbà tí mo ya máàpù mi tán, mo fi ilé wa sí i, mo fi ihò méjèèjì sí i, mo fi ránṣẹ́ sí Èkó.

Màmá pọn Mojí padà nírọ̀lẹ́ Sátidé yẹn gan-an. Èmi ni kò rọrùn fún un láti gbà padà. Ó wá ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀", "Ẹ kú àbọ̀". Ìyá ọkọ mi, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò! Èébú kò lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún nǹkan bí oṣù méjì.

Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣú, tí aṣọ kún orí okùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé láti iṣẹ́. Ó ké láti ẹ̀yìnkùlé, "Ìyàwó mi, kí lò ń wò? Sáré wá bá mi ká aṣọ!" Mo ju báàgì sílẹ̀. Mo sáré.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé tí ẹ bá rí ewu nínú ilé, ẹ tètè sọ ọ́, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín jù. Ìbẹ̀rù mú kí n máa fi ìgò gba ẹnì kan ṣoṣo là, kí n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ṣé ó ti ṣe ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀ rí, tí ẹ mọ nǹkan kan tí ẹnu yín kò gbà á láti sọ? Báwo lẹ ṣe sọ ọ́ níkẹyìn, ta sì ni ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Ẹ kọ ọ́ síbí, mò ń kà á.