Gbólóhùn Mọ́kànlélógójì

Aránbàtà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí okùn kan bá wọ́ lára bàtà tó rán, á tú gbogbo rẹ̀, á tún un rán. Ó máa ń sọ pé bàtà tí kò bá tíì gún kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun. Nígbà tí àwa mẹ́ta kó lọ sí ìlú tí wọn kò ti gbọ́ èdè wa, bó ṣe ń rán bàtà náà ló ṣe fẹ́ kọ́ èdè wọn.

Ó ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ gbólóhùn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Á dúró níwájú dígí, á máa sọ ọ́ títí kò fi ní kọsẹ̀ níbì kan. Gbólóhùn tí kò bá tíì dán, o kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ní mọ́kànlélógójì. Tó bá sọ ọ̀kan nínú wọn, wàá rò pé rédíò lo ń gbọ́. Àwọn ará wa ń pè é ní Gúnrégé.

Èmi ń gbé àpò ìyẹ̀fun níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ìwé díẹ̀ ni mo mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu ni mo ṣe ń sọ ọ́. Mo pe ọ̀gá wa, ọkùnrin onírùngbọ̀n, ní ìyá. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú, wọ́n wá sọ èyí tó tọ́ fún mi. Nígbà tó di ọdún kejì, ẹ̀rín wọn ti dín kù.

"Àna, o ń bà wá lórúkọ jẹ́," ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí. "Wọ́n á rò pé bí gbogbo wa ṣe gọ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà jẹ́ kí n gọ̀. Àwọn tó gọ̀ náà ń jẹun."

Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín. Òun kò gbọ́ ju ìkíni lọ. Inú ilé ló ti ń ránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ níta.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìtọ̀ ṣúgà. Lọ́dún kẹta, egbò kan yọ lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, kò tó èékánná. Kò dùn ún. Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Èmi wà níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ méjì ni ọkọ rẹ̀ fi múra ohun tó máa sọ sílẹ̀. Ó kí dókítà, ó sọ ohun tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀, kò ṣi ẹyọ kan sọ. Inú dókítà dùn. Ó rò pé ẹni tó gbọ́ èdè ni òun ń bá sọ̀rọ̀, ló bá ń sọ tirẹ̀ bí ẹni da omi garawa. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ "ẹsẹ̀", ó gbọ́ "omi gbígbóná". Ìyókù kọjá lórí rẹ̀. Ó mi orí bíi pé ó yé e. Ó wá sọ gbólóhùn mìíràn tó dán: "Ó yé mi dáadáa, ẹ ṣeun púpọ̀." Wọ́n lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ni wọ́n wí.

"Wọ́n ní ká máa fi omi gbígbóná tọ́jú ẹ̀."

Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń ki ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná àti iyọ̀. Ohun tí dókítà sọ ni pé omi gbígbóná kò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí ẹsẹ̀ náà kò mọ ooru mọ́, àti pé kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Omi bó ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo wọ yàrá wọn, mo gbóòórùn kan. Ẹ̀yìn mi ni mo fi gbé e lọ.

Dókítà yẹn náà la bá. Mo fi èdè mi tó wó bi í léèrè ohun tó sọ lọ́jọ́sí. Ó sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ìgbà kẹta ló yé mi. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo ń túmọ̀ rẹ̀.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Lẹ́yìn náà mo ṣí ìwé kékeré yẹn. Ó pẹ́ kí n tó kà á tán. Nínú mọ́kànlélógójì, kò sí "kò yé mi". Kò sí "ẹ tún un sọ". Mo bi í pé kí ló dé.

"Mo rò pé tí mo bá kọ́ èdè náà dáadáa, mi ò ní nílò wọn."

Mo dá ìwé náà padà fún un.

Lẹ́yìn oṣù kan, ó wá bá mi. Ó ní, "Àna, ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń ṣì sọ lójúmọ́?"

"Ta ló ń kà á? Bóyá àádọ́ta."

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń wá àádọ́ta tirẹ̀. Ó ń bá ẹni tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bá àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sín in jẹ. Tó bá wọlé, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. Á jókòó, á ní, "Mọ́kàndínláàádọ́ta," á tún jáde.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gìgísẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi sán, ó sì di egbò. Àwa mẹ́ta la lọ. Mo ní kí n sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ní rárá. Ó bi dókítà. Kò yé e. Ó ní kò yé òun. Ó ní kó tún un sọ, kó rọra sọ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà ń pòṣé. Dókítà ya ẹsẹ̀ sórí bébà, ó fi ìka tọ́ka. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tún bi í. Mo kà á: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Gbogbo rẹ̀ ló wó, gbogbo rẹ̀ ló sì yé dókítà.

Ọ̀sẹ̀ méje ni egbò náà fi jiná. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí ibùsùn, ó ń wo ẹsẹ̀ kan tó kù.

Ó ní, "Àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ fún dókítà ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn, èwo ni ẹ ò mọ̀ lọ́jọ́ tá a lọ fún ẹsẹ̀ òsì mi?"

Ọkọ rẹ̀ ronú. Kò purọ́.

"Kò sí. Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. Ó ní kí n bá òun mú ọ̀pá òun wá. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ló ń mú lọ sí ilé ìwòsàn, kì í ṣe ọkọ rẹ̀.