"Oko mi lo" láìsí àmì

Gbogbo àárọ̀ òní ni mo fi ka nǹkan nípa ọkọ̀ ojú omi. Lásán ni gbogbo ẹ̀ já sí!

Fídíò orin ni wọ́n ní ká ṣe ní skúùlù. Ṣẹrifá, ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì, ló ni orin náà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ orin ránṣẹ́ sí mi, kò fi àmì kankan sí i: "Oko mi lo, ko de mo."

Èmi náà ò ní kó kọ ọ́ kí n gbọ́ o. Ọkọ̀ ojú omi ni mo kà á sí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka bí wọ́n ṣe ń ya ọkọ̀ lórí omi tí kámẹ́rà ò fi ní máa mì. Mo kà á títí dátà mi fi tán.

Ni mo bá gbé ètò mi lọ sílé wọn ní Ẹnu Ọ̀wá. Màmá ẹ̀ jókòó tì wá.

Mo ní, "Mà, a máa háyà ọkọ̀ ojú omi."

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ kẹ̀? Èmi tí mi ò ní kẹ̀kẹ́! Ọkọ mi ni o, Bàbá Ṣẹrifá tó kú. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fi kọrin."

Ojú tì mí gan-an. Àmọ́ Màmá ò bínú, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Nígbà tó yá, wọ́n nawọ́ sí fìlà kan tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Ìyẹn ni kẹ́ ẹ yà. Mi ò tíì lè gbé e kúrò níbẹ̀."

Nínú gbogbo ohun tí mo kà, kò sí fìlà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fi àmì sórí Yorùbá, ẹ wá jẹ́jọ́ níbí!