Ìwé Tó Lé Bàbá Dé Gamboru

Mo rántí ìgbà tí mo sáré lé bàbá arúgbó kan jáde ní ọsibítù ní Máídúgùrì, tèmi ti aṣọ nọ́ọ̀sì, ìwé lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀pá bàbá lọ́wọ́ òsì.

Ìwádìí ló ń gùn mí nígbà náà. Tẹ́lẹ̀, ìwádìí àwọn dókítà ni àwa nọ́ọ̀sì máa ń gbé fọ́ọ̀mù kiri fún. Bó bá parí, a kì í rí orúkọ wa níbẹ̀. Mo ní èmi náà á ṣe tèmi: kí ló dé tí àwọn aláìsàn tí a ní kó padà wá kì í padà? Mátírọ̀ọ̀nù wa, tó gbà pé nọ́ọ̀sì tó bá jókòó, ọ̀lẹ ni, fún mi ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan ṣoṣo.

"Bí o ò bá rí èèyàn ogún, padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ."

Bàbá yìí ni mo kọ́kọ́ bá lórí bẹ́ǹṣì. Mo fi Hausa tí mo kọ́ ní bárékè ọkọ mi kí i, mo na ìwé ìfọwọ́sí sí i pé kó tẹ̀ka. Ọlọ́gbọ́n èmi! N kò rántí pé bí nọ́ọ̀sì bá ní kí èèyàn tẹ̀ka, iṣẹ́ abẹ ló kàn. Wọ́n sì ti la ikùn bàbá rí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bàbá tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé gbàgbé ọ̀pá, ó fi eré jáde. Mo gbé ọ̀pá, mo gbá tẹ̀ lé e, mo ń pariwo, "Baba, tsaya! Tambaya ce kawai!" pé kó dúró, ìbéèrè lásán ni. Ó wẹ̀yìn, ó rí ọ̀pá lọ́wọ́ mi, ó bá fò sínú kẹ̀kẹ́ márúwá tó ń lọ sí àdúgbò Gamboru. Nígbà tí mo padà, bẹ́ǹṣì ti ṣófo, àwọn yòókù ti sá lọ.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá padà dé pẹ̀lú gbogbo ẹbí rẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti dágbére fún àdúgbò. "Na shirya," ó ní, òun ti múra. Kí a ṣe tiyata, iṣẹ́ abẹ náà. Mo ní kò sí iṣẹ́ abẹ kankan. Inú bí i gan-an, ó ní òun ti dárí ji àbúrò òun lásán nìyẹn.

Ẹbí náà lé ní ogún. Kò sí èyí tí a kò tíì ní kó padà wá rí nínú wọn, kò sì sí èyí tó padà. Mo bi bàbá pé kí ló dé. Ó nawọ́ sí ìwé ọwọ́ mi.

"Takarda," ó ní. Ìwé yẹn ni.

Lónìí, orúkọ mi wà lórí ìwádìí náà, mátírọ̀ọ̀nù sì ń fi yangàn bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ ìwádìí lọ́dọ̀ mi ń kọ́kọ́ jókòó ti aláìsàn, wọ́n á ní "Ba tiyata ba ce", kì í ṣe iṣẹ́ abẹ o, kí wọ́n tó yọ ìwé. Ojú ṣì ń tì mí bí mo bá rántí. Ìdáhùn tí mo ń wá ni mo ń lé lójú títì lọ́jọ́ náà, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kí n bi í ní ìbéèrè.