Ètè Sùmáyyà àti Gáùn Funfun

Ọ̀gá tó kọ́ Sùmáyyà níṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn máa ń sọ pé ẹnu ni ọwọ́ kẹta télọ̀. Itọ́ ní í fi rin òwú kó tó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́, eyín ní í fi gé e, àárín ètè ló sì ń kó píìnì sí. Bẹ́ẹ̀ ni Sùmáyyà náà ṣe fi ẹnu ṣiṣẹ́ títí dé Awada nílẹ̀ Ìgbò, níbi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún yìí dé, ètè rẹ̀ gbẹ, ó bó, ó sì là. Ó lọ sí Main Market, ó ra ìpara ètè pupa kan tó ń ta sánsán bíi súìtì mínìtì. Bó bá ti fi pa á, á ta á bí ata, òun náà á sì máa fi ahọ́n lá a. Ajá ní í fi ahọ́n wo ọgbẹ́ o, èèyàn kọ́. Bó ṣe ń lá a ló ń gbẹ sí i.

Ọ̀ràn ètè gbígbẹ ì bá má tó nǹkan, bí kò bá ṣe ti gáùn ìgbéyàwó Blessing, ọmọ oníbàárà rẹ̀ kan. Àwọn oníbàárà ti fi ṣọ́ọ̀bù Sùmáyyà sílẹ̀, aṣọ àránsílẹ̀ ni kálukú ń rà. Ìyá Blessing nìkan ló ṣì gbà á gbọ́. Ó gbé aṣọ sátíìnì funfun fún un, ó ní: "My sister, if this gown fine, na you go sew for all the women for our church." Bí kò bá wá dára ńkọ́? Ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ló kù, níbi tí wọ́n ti ń dúró láti bi í pé kí ló lọ wá nílẹ̀ Ìgbò.

Lọ́jọ́ kan ó fi eyín gé òwú, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí etí gáùn náà. Omi tútù ló fi fọ̀ ọ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó lọ, ló bá gba ọ̀dọ̀ Tọ́pẹ́ lọ, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá kejì.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ń pa ètè yín lára," Tọ́pẹ́ wí. "Itọ́ kì í rin ètè. Bó bá ti ń gbẹ, á kó omi ara ètè lọ ni. Ẹ má lá a mọ́. Ẹ máa mu omi dáadáa. Ìpara tó bá ń rùn, tó láwọ̀, tó ń ta yín, ẹ jù ú nù. Fasilíìnì lásán ti tó; ẹ pa á kó nípọn."

"Ẹnu ni mo fi ń ṣiṣẹ́ o, Tọ́pẹ́."

"Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé òwú, Àǹtí. Kí ni sísọ́ọ̀sì wà fún?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ó so sísọ́ọ̀sì kékeré mọ́ ọrùn, ó ń fi fasilíìnì pa ètè tàárọ̀-tọ̀sán. Kò pẹ́ tí ètè náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ.

Àmọ́ ohun tó ti di bárakú kì í gbọ́ òfin. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, ìlẹ̀kẹ̀ àyà gáùn ló kù. Ó ń kánjú rán an, sísọ́ọ̀sì ń fì lọ́rùn rẹ̀, kò sì rántí rẹ̀ rárá. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó ṣókùnkùn, gáùn náà dára lójú rẹ̀.

Ìyá Blessing dé, ó gbé e jáde sínú oòrùn. Ó yẹ àyà rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló kígbe: "Sister! Who chop akara clean hand for my pikin gown?"

Sùmáyyà wò ó. Fasilíìnì ni, tótòtó káàkiri àyà gáùn, níbi gbogbo tó ti fi eyín gé òwú. Ó bu pọ́ńdà lé e, kò gbọ́. Ó fi áyọ́ọ̀nù sí i, àbàwọ́n náà tún fẹ̀ sí i. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìyá Blessing kò bú u, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ó kàn kẹ́dùn pé "Ndo," ó wọ kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí Main Market láti lọ ra gáùn àránsílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Tọ́pẹ́ tibi iṣẹ́ dé, ó yọjú. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

"Àǹtí! Ẹ wo ètè yín bó ṣe ń dán! Ó ti jinná pátápátá!"

Sùmáyyà fọwọ́ kan ètè rẹ̀. Lóòótọ́ ni, kò dùn ún mọ́. Ó kó píìnì sínú agolo, ó dé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò lórí tábìlì, nítorí ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà Ìsẹ́yìn láti gáréèjì Upper Iweka kì í pẹ́ kún láàárọ̀.