Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ àti Túnà Orí Gìtá Rẹ̀

Kò sí ẹni tó mọ Bàbá Ó-Kù-Díẹ̀ tí kò mọ ìtàn ìyàwó tó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó ti wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ti kọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn àlejò sì ti dìde dúró. Orin nìkan ló kù. Orin kò sì lè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bàbá yìí, onígìtá wọn, ṣì ń fa okùn le, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó tún ń fà á le, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára túnà tó há mọ́ orí gìtá rẹ̀.

Túnà yẹn kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Wọ́n ń há a mọ́ orí gìtá bí ìgbà tí èèyàn bá há aṣọ mọ́ okùn níbi tó ti ń sá a. Bí okùn gìtá bá dún, igi gìtá á gbọ̀n, túnà á sì ti ara igi mọ ohùn tó jẹ́. Bí ohùn kò bá tíì bọ́ sí i, iná pupa ni yóò tàn. Bó bá bọ́ sí i, iná á di àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, pupa ló tàn, pupa náà ló sì ń tàn ṣáá.

Olùdarí ètò fi gbohùngbohùn bi í bóyá ó ti ṣetán. Bàbá ní ó kù díẹ̀. Wọ́n dúró títí, olùdarí ètò tún bi í, bàbá tún ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó yá, ìyàwó fúnra rẹ̀ ká aṣọ kúrò lójú, ó sì pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá, ṣé ká kúkú lọ sílé ká padà wá lọ́la ni?" Bàbá gbójú sókè, ó rí i pé ẹnu ìyàwó ń mì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Ẹ ṣeun, ìyàwó wa," ló wí. "Ó kù díẹ̀."

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lórí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ìyàwó bàbá fúnra rẹ̀, Ìyá Aránṣọ, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Ó ti rí ohun tó fa gbogbo wàhálà náà. Fíríìjì ńlá tí wọ́n kó ohun mímu sí ni wọ́n gbé àga bàbá tì, orí gìtá sì fara ti fíríìjì náà. Fíríìjì ń kùn, igi gìtá ń bá a gbọ̀n, túnà sì ń ka ohùn fíríìjì mọ́ ohùn okùn. Bí fíríìjì náà ṣe ń kùn tó, ẹni tó bá ń gbọ́ràn á ti mọ̀. Ìyá dìde bí ẹni tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó sì fa wáyà iná yọ. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni iná túnà di àwọ̀ ewé. Orin bẹ̀rẹ̀, ìyàwó wọlé, gbogbo àlejò sì mu ohun mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́jọ́ náà.

Etí bàbá ti ń lọ. Dókítà etí ti sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì nínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ kò sí, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dínkù, kò sì ní padà. Bí wọ́n ṣe dé ilé ni bàbá ti ilẹ̀kùn, tó ní kí ìyá búra fún òun pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ àwọn.

"Bí ẹgbẹ́ olórin bá gbọ́ pé onígìtá wọn kò gbọ́ràn mọ́, wọ́n á ní kí n lọ sinmi," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ fi ìsinmi ṣe? Bí wọ́n bá gba gìtá lọ́wọ́ mi, kí ló kù nínú mi?"

Ìyá búra. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Kò sí òde tí ẹgbẹ́ lọ tí kò bá wọn lọ. Ó ní òun ló ń bá ọkọ òun gbé báàgì, bẹ́ẹ̀ ni báàgì náà kò ní ju bátìrì túnà àti áńkáṣíìfù lọ. Bí ẹnì kan bá bá bàbá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ìyá á ti dáhùn kó tó di pé wọ́n retí ìdáhùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn ní obìnrin yìí kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbọ́, ó sì gbé e mì.

Bàbá ní tirẹ̀ kò ní ìtìjú kankan. Nígbà tí etí rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá, òun ló máa ń fi àwọn tó ń lo túnà ṣe yẹ̀yẹ́, tó máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n fi etí wọn sílé ni. Nígbà tó wá di pé tirẹ̀ náà há mọ́ orí gìtá, tí Béèsì bi í léèrè, ó ní etí òun ló mú jù. Ó ní òun ń gbọ́ ohun tí ẹ̀dá kò yẹ kó máa gbọ́, túnà lòun fi ń dá etí òun lẹ́kun. Béèsì ni ọkùnrin gìrìwò tó ń fi gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ti orin lẹ́yìn nínú ẹgbẹ́ wọn. Ó wo bàbá fún ìgbà díẹ̀, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Béèsì ní ìwà kan tí ìyá kò fẹ́ràn. Bí orin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ bàbá gan-an ni yóò lọ dúró, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ gìdì gìdì bí ẹni ń tẹ amọ̀. Pákó orí ìtàgé á máa mì, àga bàbá náà á máa mì. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kì í pẹ́ jẹ, bàbá ló sì máa ń ra òmíràn fún un ní ìparí ọdún. Ìyá bínú títí lórí bàtà yìí. Ó bi bàbá bóyá Béèsì kò ní ìyàwó nílé ni. Bàbá ní ìyẹn kò kàn án.

Nílé, túnà kò jókòó sójú kan. Bàbá há a mọ́ ilẹ̀kùn, kó lè mọ̀ bí ẹnì kan bá ń kànlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan onílé kànlẹ̀kùn, iná pupa tàn, bàbá ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé bó ṣe kàn án kò bọ́ sí ohùn rárá, kó jọ̀ọ́ kó padà sẹ́yìn kó tún un kàn. Ìyá ti ń wá irọ́ tí yóò fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nígbà tó gbọ́ kó, kó, kó. Onílé ti padà lọ kàn án.

Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ wọn obìnrin gbé ọmọ tuntun rẹ̀ fún bàbá mú, nítorí pé ìyá ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Nígbà tí ìyá padà dé, tó gbọ́ pé bàbá nìkan ló wà pẹ̀lú ọmọ, ó ju báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọmọ bá sunkún títí ńkọ́? Ó sáré wọ yàrá. Bàbá wà lórí àpótí níwájú ibùsùn ọmọ, ó ti há túnà mọ́ igi ibùsùn náà, ó sì ń wò ó láìṣẹ́jú. Tíì tó gbé kalẹ̀ fún ara rẹ̀ ti tutù láìfọwọ́kàn. Ọmọ ń sùn fọnfọn.

"Ó sunkún lẹ́ẹ̀kan," ni bàbá wí jẹ́jẹ́. "Mo gbé e, ó dákẹ́. Ohùn rẹ̀ ga ju ti ìyá rẹ̀ lọ."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ọmọ wọn wọlé, tó bi wọ́n pé kí ni túnà ń ṣe lára ibùsùn. Bàbá ní òun ń wò ó bóyá ọmọ náà lè kọrin ni. Ọmọ wọn sọ ọ́ káàkiri, ìtàn náà sì di ti gbogbo ayé.

Èyí tó ká ìyá lára jù ni ti awò ojú. Bí wọ́n bá jókòó jẹun, tí bàbá doríkọ oúnjẹ, ìyá lè sọ̀rọ̀ títí kí bàbá má mọ̀ pé òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ni bàbá bá há túnà mọ́ apá awò ìyá. Bí ìyá bá ti lanu, ohùn rẹ̀ á gbọn awò, iná á tàn, bàbá á sì gbójú sókè wo ètè rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìyá gbàgbé rẹ̀ sójú lọ́jọ́ kan, ó lọ wọn aṣọ fún oníbàárà bẹ́ẹ̀. Oníbàárà wò ó títí, ó ní, "Ìyá, iná ń tàn lójú yín." Ìyá ní awò ìgbàlódé ni. Oníbàárà ní kí wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti rà á fún òun.

Bàbá sọ fún ìyá pé òun ti kíyè sí i, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló ń tan iná pupa.

"Àfi bí o bá ń pè mí," ló wí. "Ìyẹn nìkan ló máa ń súnmọ́ àwọ̀ ewé."

"Ṣé kì í dé ibẹ̀ ni?"

"Ó kù díẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, bàbá ń lu gìtá, ìyá ń gbọ̀n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, bàbá wà lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú gìtá lórí itan. Ìyá lọ fọwọ́ kàn án léjìká pé oúnjẹ ti délẹ̀. Bàbá ní ó kù díẹ̀. Ìyá padà lọ parí etí aṣọ tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé, bàbá ti fi orí ti àga, ó ti lọ. Iná túnà ti kú, nítorí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ohunkóhun kò bá dún mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn èèyàn rẹ̀ péjọ sínú pálọ̀, gìtá wà lórí àga rẹ̀, ìtàn sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sọ ti ìyàwó ẹnu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ti onílé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá jókòó, ó ń fi aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ tí kò tutù, ẹ̀rù ń bà á pé ẹnì kan á béèrè ohun tí kò ní lè dáhùn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé orí ìtàn túnà lára ibùsùn ọmọ, ìyá kò lè fara dà á mọ́.

"Kò gbọ́ràn ni," ló wí. "Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ti pẹ́ tí etí rẹ̀ ti lọ."

Béèsì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, a mọ̀. Ta lẹ rò pé mò ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ fún? Lọ́jọ́ ti fíríìjì, mo ti dìde láti lọ yọ wáyà yẹn, ẹ̀yin lẹ yá jù mí lọ."

Ìyá bi í bóyá ọkọ òun mọ̀ pé wọ́n mọ̀. Béèsì na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, kí ìyá lè rí bàtà tí bàbá rà fún un.

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó bi í pé bó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló dé tó fi gbé ọmọ tuntun fún ẹni tí kò gbọ́ràn mú.

"Ẹni tó ń fi etí ṣọ́ ọmọ lè máa ṣe nǹkan mìíràn, Màmá," lọmọ wí. "Mo mọ̀ pé Dádì kò ní gbójú kúrò lára rẹ̀."

Ìyá béèrè lóhùn jẹ́jẹ́ bóyá òun nìkan ṣoṣo ló ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ yìí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín gbé gbogbo wọn, ó gbé òun náà, ó rín in títí ó fi di ẹkún, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Lẹ́yìn náà ló dìde, ó yọ túnà lórí gìtá, ó tẹ̀ ẹ́ kó tàn, ó sì há a mọ́ apá awò rẹ̀. Ó kọjú sí àga bàbá.

"Bàbá ọmọ mi," ló pè.

Ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé àwọ̀ wo ni iná náà tàn.

Ọmọ rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó wo túnà dáadáa, ó sì nu ojú ara rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ó kù díẹ̀, Màmá."