Ọjọ́ Tí Àǹtí Sìmbíátù Pa Kíláàsì Náà Lẹ́nu Mọ́

"Àǹtí, ṣé ẹ ń jowú Àǹtí Fàrídátù ni?"

Ọlábùnmí ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà, ọmọ tó jẹ́ pé bí tíṣà bá pe orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò kó tó dáhùn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, ó gbé abọ́ oúnjẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin dání. Àǹtí Sìmbíátù yíjú sí i, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé oúnjẹ yẹn kalẹ̀, kó o máa lọ sí kíláàsì ẹ."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí Sìmbíátù ti ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ìjọba kan ní Jakande, Ìlàsan. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ló gbà á síṣẹ́. Kò ní sátífíkéètì tíṣà, nítorí náà "olùrànlọ́wọ́" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń dá kíláàsì rẹ̀ ṣe láàárọ̀ títí di ọ̀sán.

Nígbà tí Fàrídátù dé láti máa mójú tó kíláàsì kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọ tó ń sunkún ìyá rẹ̀ lẹ́kún. Sìmbíátù ló kọ́ ọ. "Má fà á lọ́wọ́. Jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, kó o máa bu yanrìn sínú ife. Tó bá wò ẹ́ tó sú u, á wá bá ẹ bù ú." Òun ló kọ́ ọ pé kó máa ṣa ìdérí ìgò jọ, kí àwọn ọmọ máa tò ó, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, kí wọ́n máa kà á láìmọ̀ pé ìwé ni wọ́n ń kà.

"Àǹtí mi, ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

"Ta ni ì bá kọ́ mi? Àwọn ọmọ náà ni."

Inú abọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun ọ̀sán.

Lọ́dún kan, káńsù kéde pé àwọn yóò san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ kéékèèké. Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀kọ́ náà yóò máa wáyé fún ọdún kan. Ẹni tó bá parí rẹ̀ yóò gba sátífíkéètì, ìjọba yóò sì gbà á síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi tíṣà. Ẹnì kan péré ni wọn yóò mú ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan, alábẹ̀wò ni yóò sì wá wo bí kálukú ṣe ń ṣiṣẹ́.

Sìmbíátù ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ipò òun nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, ó ṣe ohun tí gbogbo tíṣà máa ń ṣe bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀. Ó gbá ilẹ̀, ó da yanrìn sẹ́yìn ògiri, ó ti ìdérí ìgò mọ́ inú àpótí. Ó fi pọ́dà sí àwọn ọmọ lọ́rùn, ó tò wọ́n sórí ẹní. "Ọwọ́ láyà! Ìka létè!" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Fàrídátù ní tirẹ̀ pẹ́ dé nítorí òjò, kò ráyè gbálẹ̀. Nígbà tí alábẹ̀wò wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, yanrìn kún ilẹ̀, àwọn ọmọ ń pariwo, ìdérí ìgò tò lọ dé ẹnu ọ̀nà. Ojú ti Sìmbíátù fún un. Ká má parọ́, inú rẹ̀ tún dùn díẹ̀.

Àfi bí obìnrin náà ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, tó ń bá wọn to ìdérí. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Sìmbíátù, orí ìdúró ló wà.

"Kí ni àwọn ọmọ yìí fi ń ṣeré?"

"Wọn kì í ṣeré níbí, mà," ni Sìmbíátù fi ọ̀wọ̀ dáhùn. "Ìwé ni wọ́n ń kà."

Orúkọ Fàrídátù ló jáde. Orúkọ Sìmbíátù wà nísàlẹ̀ rẹ̀: bí ẹni àkọ́kọ́ bá fìdí rẹmi nígbà tí alábẹ̀wò bá padà wá ṣàyẹ̀wò kíláàsì rẹ̀, ẹni kejì ni yóò bọ́ sípò rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àyà Sìmbíátù ti ń gbóná. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, yóò máa sá aṣọ ní báńkónì, yóò máa wo Fàrídátù bó ṣe ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi ẹ̀kọ́ pẹ̀lú báàgì tuntun tí wọ́n fún un. Bó bá di Mọ́ńdè, Fàrídátù á tún gbé ìròyìn dé.

"Àǹtí mi, wọ́n ní ọ̀nà ìdérí ìgò tá à ń lò yẹn dáa gan-an o! Wọ́n ní kí n ṣe é fún gbogbo èèyàn wò."

"Tí ta ló ń lò?"

"Tá à ń lò, àwa méjèèjì."

"Ẹn-ẹ́n. Wọ́n á ti pàtẹ́wọ́ fún ẹ."

Ó yẹra fún abọ́ tí wọ́n jọ ń jẹ. "Mò ń gbààwẹ̀," ló wí.

"Lọ́jọ́ Túsìdeè? Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè kọ́ là ń gbà á ni? Àǹtí mi ti dá ààwẹ̀ tiwọn sílẹ̀!" Fàrídátù bú sẹ́rìn-ín. Sìmbíátù ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ àyẹ̀wò wá pé. Fàrídátù ti tẹ́ gbogbo nǹkan sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ti wà lẹ́nu eré.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò wọ́n. Ọ̀gá ní kí n lọ mú alábẹ̀wò wá láti géètì."

Sìmbíátù wọlé. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbá yanrìn, ó gbá ìdérí tí àwọn ọmọ ṣì ń tò lọ́wọ́. "Ọwọ́ láyà! Ìka létè!" Ọ̀gá ilé ìwé yọjú lójú fèrèsé. "Àǹtí Sìmbíátù, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ti bá a tún ibẹ̀ ṣe." Ta ló lè rí àbùkù níbẹ̀?

Ọlábùnmí rí i. Ó ti gba iwájú kíláàsì Sìmbíátù kọjá, ó rí yanrìn tó kún ibẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbá. Ó wá rí àbúrò tirẹ̀ níhìn-ín, ìka létè, omijé lójú, tó ń wo ìdérí rẹ̀ nínú páńtí. Ìgbà náà ló béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Alábẹ̀wò wọlé. Fàrídátù wo ilẹ̀, ó wo Sìmbíátù. "Àǹtí mi..." Alábẹ̀wò dúró títí, kò sí ọmọ tó mira. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Fàrídátù lè sọ pé òun kọ́ ló gbálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti fi ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ sùn níwájú àlejò.

Bí Sìmbíátù ṣe gba ipò náà nìyẹn. Ó parí ẹ̀kọ́, ó gba sátífíkéètì, ó di tíṣà ìjọba. Fàrídátù fi ilé ìwé náà sílẹ̀, ó lọ ṣí jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan sí Ṣàngótẹ̀dó fún ọmọ àwọn obìnrin ọjà. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń gbé ọmọ lọ síbẹ̀ láti Ajah. Nígbàkúùgbà tí Sìmbíátù bá gba ibẹ̀ kọjá, tó gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọ náà, àyà rẹ̀ á tún gbóná bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Lẹ́yìn ọdún méje, Ọlábùnmí jáde ilé ìwé girama. Òun náà fẹ́ wọ ẹ̀kọ́ káńsù náà, fọ́ọ̀mù sì béèrè fún tíṣà tí yóò kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún Sìmbíátù. Inú Sìmbíátù dùn pé òun ló yàn. Ó mú bírò.

"O ò lọ bá Fàrídátù?"

"Mo rò ó, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní sátífíkéètì."

Sìmbíátù gbé bírò kalẹ̀.

"O bi mí ní nǹkan nígbà kan."

Ọlábùnmí wo ilẹ̀. "Ọmọdé ló ń ṣe mí, mà. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mò ń jowú ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń yìn lọ́wọ́ ẹ̀, mi ò lè gbà á mọ́ra. Mo mọ̀ pé tí àwọn ọmọ yẹn bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á já a. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mú ìgbálẹ̀. Gbé fọ́ọ̀mù ẹ lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, kó o sì sọ gbogbo ohun tí mo sọ yìí fún un. Mi ò tíì lè lọ fúnra mi, torí mo ṣì ń jowú ẹ̀."